Ọdẹ́rìnlọ́ ní Ìlú tí Wọn Kì í Kí Ojú Ọjọ́

Ẹni tí àgbàdo bá wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó rọra gbé e mì, nítorí ariwo ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í jẹ́ kí etí gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dára. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kí ó wọ àárín wá jókòó, kí ó fi etí ìjókòó sílẹ̀ fún àwọn akíkanjú. Ìtàn tí mo mú wá yìí tutù lápá kan, ó gbóná lápá kejì, ẹni tí ó bá gbá a mú lójijì lè fi ọwọ́ jóná.

Ọdẹ́rìnlọ́, àgbà ọdẹ Òkè-Apá, ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀sán ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè kan ni ó sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn ilé ìsìn, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, nígbà tí a ti jẹun yó tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ tètè lọ sílé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun bí òwú nígbà náà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, ó wo gbogbo wa yíká, ó ní, "Ẹ wò mí dáadáa. Ẹkùn ti pàdé mi lọ́nà rí, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé."

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, tí ó ń bó ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹkùn wo, baálé mi? Ṣé ológbò ilé kejì yẹn ni?"

A rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́rìnlọ́ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ híhanrun ọdẹ kì í bẹ̀rù ọdẹ mọ́." Ó wá bẹ̀rẹ̀, bí ó sì ti sọ ọ́ ni n ó ṣe sọ ọ́.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ilẹ̀ Òkè-Apá ṣàìsàn. Òjò rọ̀ ní àkókò rẹ̀, eṣú kò wá, ogun kò jà, síbẹ̀ èèbù iṣu tí wọ́n gbìn kò hù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà pẹ́, obìnrin kan fi ọwọ́ tú ebè rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, èéfín sì rú jáde láti inú rẹ̀ bí ìgbà tí a ṣí ìkòkò lórí iná. Èèbù náà ti jinná. Òórùn iṣu sísè gba oko kan. Ó tú òmíràn, bákan náà ni. Ebi ń pa gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi ẹnu kàn án, nítorí ta ni yóò jẹ iṣu tí a kò mọ ẹni tí ó sè é?

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí ará Òkè-Apá jẹ́ fún yín. Wọ́n fẹ́ràn ìmọ́tótó ju oúnjẹ lọ. Baba Láṣebìkan, olórí àwọn àgbẹ̀, ni ó kọ́ wọn pé oko ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ mọ́ bí àgbàlá ilé ìsìn. Láti ìgbà tí ó ti gorí oyè ni wọ́n ti ń fi ìgbálẹ̀ gbá oko. Koríko gbígbẹ tí àwọn baba wọn máa ń fi dé orí ebè, wọ́n ní ìdọ̀tí ni, wọ́n kó o dà sí ààtàn. Igi tí ó bá ń da ewé sílẹ̀, wọ́n gé e. Bí ọjọ́ ìkórè bá sì dé, ẹni tí oko rẹ̀ mọ́ jù ni wọ́n ń pè síwájú kí gbogbo ìjọ lè pàtẹ́wọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ebè Òkè-Apá dúró ní ìhòòhò lábẹ́ oòrùn, tí wọ́n ń dán bí orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Ìwọ̀nba èèbù tí ó ṣẹ́kù ní ìlú wà nínú abà Baba Láṣebìkan. Bí wọ́n bá gbìn ín sínú ilẹ̀ gbígbóná náà, yóò jinná. Bí wọn kò bá sì gbìn ín kí àkókò tó kọjá, yóò gbẹ. Irú iṣu náà kò sì sí ní ibòmíràn láyé. Bí ó bá tán, ó tán nìyẹn.

Baba Láṣebìkan ránṣẹ́ pe Ọdẹ́rìnlọ́. Ó ní, "Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìlú kan wà nínú Igbó Aláìmẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn ará ibẹ̀ ń de ooru àti òtútù mọ́lẹ̀ nínú ilé dígí bí ẹni de ewúrẹ́. Lọ bá wa bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fún wa ní ohun tí yóò tu ilẹ̀ yìí lára."

"Baba, ṣé àwọn kan ti lọ síbẹ̀ rí?"

"Wọ́n ti lọ."

"Ta ni ó dé nínú wọn?"

Baba Láṣebìkan bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Ó ní, "Ìdí tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ nìyẹn. Ìwọ ni o sọ pé ẹkùn sá fún ọ."

Ẹnu ọdẹ ni í kó ọdẹ sí igbó. Àwẹ̀ró di ẹ̀kọ àti iyọ̀ sínú àpò rẹ̀, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n fi ìrìn náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dìde, ó tún okùn àpò náà so, ó ní, "Ronú kí o tó fọhùn níbẹ̀. Ẹnu rẹ máa ń ṣáájú rẹ dé ibi gbogbo."

Igbó Aláìmẹ̀ẹ̀rùn kò ní ohùn. Ewé já bọ́, kò dún. Òjìji igi wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀, tí igi tí ó ni ín kò sí. Bí Ọdẹ́rìnlọ́ bá mí sí ọ̀tún, èémí rẹ̀ a di ìrì. Bí ó bá mí sí òsì, a di èéfín. Ó ń kọ orin ìsìn lábẹ́ imú, ṣùgbọ́n orin náà kò jìnnà sí ẹnu rẹ̀ kí igbó tó gbé e mì.

Níbi tí ọ̀nà ti fún, ó bá iwin kan tí ó dúró gbọnin. Ojú méjì ni iwin náà ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní ìpàkọ́. Ti iwájú ń làágùn, ti ìpàkọ́ ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ sì ń lu ara wọn. Ó ń yí díẹ̀díẹ̀ kí ojú méjèèjì lè wo àlejò náà.

Ojú tí ó ń làágùn ní, "Ọmọ ènìyàn, níbo?"

"Ìlú ilé dígí ni, ẹ̀yin àgbà."

Ojú tí ó ń gbọ̀n ní, "Wọ́n rán ọ ni, àbí o ya òmùgọ̀ fúnra rẹ?"

Ọdẹ́rìnlọ́ ní, "Wọ́n rán mi. Ti òmùgọ̀ ni mo fi kún un."

Iwin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àlọ́ kan wà. Bí o bá já a, kọjá. Bí o bá ṣì í, ìpàkọ́ mi yóò mu gbogbo ooru ara rẹ bí ẹni mu ẹ̀kọ mímu, nítorí ó ti ń gbọ̀n tipẹ́. Gbọ́ ọ: kò ní iná, ó ń jóni. Kò ní ọyẹ́, ó ń mú ni gbọ̀n. Ó ń bá ọba sùn lórí àkéte, ó ń bá ìwọ̀fà sùn lórí ẹní, kò sì sí ẹni tí ó pè é wá. Kí ni?"

Nígbà tí Ọdẹ́rìnlọ́ dé ibí yìí, ó dúró, ó ní kí àwa náà já a. Ẹnì kan ní ìfẹ́ ni, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin sì ń tì ara wọn. Ẹlòmíràn ní ìyá ìyàwó òun ni. Ọdẹ́rìnlọ́ mi orí. Ó ní, "Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n. Irú orí tí Ọlọ́run fún mi, ó wọ́n láàárín yín."

Àwẹ̀ró ní, "Ṣé o ti sọ fún wọn pé ibà ni ó ń ṣe ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí o fẹ́ lọ?"

Ibà ni ìdáhùn. Ọdẹ́rìnlọ́ sọ ọ́, iwin náà sì yà fún un. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń kọjá, ojú tí ó ń làágùn pè é padà. Ó ní, "Gbọ́ òfin wa. Kí ènìyàn bí ó bá ti wù ọ́. Ojú ọjọ́ ni o kò gbọdọ̀ kí. Má sọ pé ẹ kú ooru. Má sọ pé ẹ kú òtútù. Ooru àti òtútù inú ilé wọ̀nyẹn kò ní ìlú mọ́, ẹni tí ó bá dárúkọ wọn nínú ìkíni ti gbà wọ́n lálejò."

Ọdẹ́rìnlọ́ rẹ́rìn-ín. "Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Àwọn tí ó rẹ́rìn-ín ṣáájú rẹ ṣì wà níbẹ̀," ni ojú tí ó ń gbọ̀n wí.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọmọ Yorùbá kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ tí ó ti mọ̀ pé bí òjò bá rọ̀, à ń kí ara wa kú òjò. Bí oòrùn bá mú, à ń kí ara wa kú oòrùn. Ẹni tí kò bá kí, wọn a bi í pé ọmọ ta ni. Ìkà lè máa kí ni, olè lè máa kí ni. Kí a wá sọ fún irú wa pé kí ó pa ẹnu mọ́ nígbà tí ooru ń mú, a ti sọ pé kí ó má ṣe mí.

Ìlú náà tò lọ lójú rẹ̀ bí omi tí ó dìde dúró ṣánṣán. Dígí ni ògiri, dígí ni òrùlé, ilé kan so mọ́ èkejì, ó sì ní ohun ọ̀gbìn tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ata wà nínú ọ̀kan, ọsàn nínú òmíràn, obì nínú òmíràn. Ìrì ń ṣàn lára dígí láti inú. Nígbà mìíràn, àtẹ́lẹwọ́ kan a tẹ̀ sára ìrì náà, ìka márààrún a hàn, kò sì sí ẹni tí ó ni ọwọ́ náà.

Àwọn iwin tí ń tọ́jú ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Afẹ̀jẹ̀-wọn-ooru. Ọrùn wọn gùn, ó sì jẹ́ dígí, ènìyàn ń rí ẹ̀jẹ̀ pupa nínú rẹ̀. Bí ooru bá ń pọ̀ nínú ilé, ẹ̀jẹ̀ náà a máa gòkè. Bí ó bá kan àgbọ̀n, wọn a sáré láìfọhùn, wọn a ṣí fèrèsé orí òrùlé, wọn a ta aṣọ funfun sókè kí oòrùn má bàa dé ara ewé, wọn a wọ́n omi sílẹ̀. Bí òtútù bá dé, ẹ̀jẹ̀ a sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọrùn, wọn a ti fèrèsé, wọn a dáná sínú ààrò. Kò sí ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Fèrèsé tí ń ṣí àti fèrèsé tí ń padé nìkan ni à ń gbọ́, bí ìpéǹpéjú ẹranko ńlá kan.

Ọ̀kan nínú wọn ń mú Ọdẹ́rìnlọ́ lọ. Ohùn rẹ̀ kéré bí ti kòkòrò inú ìgò. Ó ní, "Gbogbo ohun tí o ń wò yìí, ìlú wọn ti pa wọ́n run. Níbi tí ẹ̀yin bá parí sí ni àwa ti ń bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n dé ilé kan tí ó ṣófo. Ebè wà nínú rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ ni.

"Ta ni ó ni èyí?"

"Òkè-Apá ni. Ilé yín ti ṣe tán. Èèbù yín ni à ń retí."

Ọdẹ́rìnlọ́ rí i pé ihò kékeré méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè àkọ́kọ́, tí wọn kò tóbi ju ẹsẹ̀ ènìyàn lọ. Ó bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gbìn síbẹ̀. Iwin náà ní, "Ẹni tí yóò máa sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nílé."

Nínú ilé ata tí wọ́n wọ̀ lẹ́yìn èyí, ooru rọ́ lù ú bí ẹni ṣí ààrò. Ọ̀rọ̀ ìkíni náà sáré dé etí ètè rẹ̀, ó fi eyín há a mọ́. Ìgbà náà ni ohùn kan jáde láàárín ata.

"Ọdẹ ni ọ́. Mo mọ ìrìn ọdẹ."

Ọkùnrin kan ni, tí ó dúró láàárín poro. Ewé tútù ni irun orí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ inú ilẹ̀ dé orókún. Ó ní, "Má sá. Akíndìpẹ̀ ni orúkọ mi, ọdẹ Ìdí-Òro ni mí. Ata wa ni ó ń kú ni mo ṣe wá."

"Kí ni ó ṣe ọ́ ní ẹsẹ̀?"

"Ẹ̀kọ́ ilé ni. Mo wọlé, mo rí olùtọ́jú kan tí òógùn bò, mo sọ ohun tí ìyá mi kọ́ mi."

"Ó ga o. Mo rò pé igi ni ọ́."

"Ewé ni mo yà," ni Akíndìpẹ̀ wí, "n kò ya odi."

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

Akíndìpẹ̀ ní, "Rárá. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Tí ilẹ̀ bá mọ́ báyìí, tí wọ́n ń gbé omi bọ̀, mo máa ń rí i pé inú mi ń dùn."

Ọdẹ́rìnlọ́ fẹ́ dúró tì í, ṣùgbọ́n afinimọ̀nà náà ti ṣí ilẹ̀kùn kejì. Ilé ọyẹ́ ni. Fèrèsé kékeré kan ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ilé ata. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ó funfun, ó ń bó ètè. Olùtọ́jú kan ń bọ̀ lọ́nà, arúgbó ni, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kù bí okùn tín-ín-rín. Ọwọ́ rẹ̀ là yẹ́yẹ́. Ó gbé ìkòkò omi, ó ń gbọ̀n, omi náà sì ń dà sí i lára.

Ọdẹ́rìnlọ́ ti ṣẹ́gun ooru. Ó ti ṣẹ́gun ẹ̀rù. Àánú ni kò mú ohun ìjà wá fún. Ó na ọwọ́, ó gba ìkòkò náà lọ́wọ́ arúgbó yìí, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú ọyẹ́ o, ìyá."

Gbogbo fèrèsé ìlú náà dákẹ́.

Arúgbó náà wò ó, kò fèsì. Ọyẹ́ inú ilé yí padà bí agbo ẹran tí ó gbọ́ ohùn olùṣọ́ rẹ̀, ó sì ń bọ̀ wá bá a. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ni ó gbà wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, ó sán, gbòǹgbò tín-ín-rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú ibi tí ó sán náà bí òwú láti ojú abẹ́rẹ́. Ilẹ̀ yà fún wọn. Ó gbìyànjú láti gbé ẹsẹ̀, ilẹ̀ mú un dání. Ó ké pe Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀, ó ní bí òun bá di koríko níbí, ta ni yóò gbé èsì dé Òkè-Apá, kí èèbù tí ó kù má bàa ṣègbé?

Ẹ wá wo bí ọkàn ènìyàn ti rí. Ohun tí ó dun Ọdẹ́rìnlọ́ ju gbòǹgbò náà lọ ni pé ìyá yẹn kò dá a lóhùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sí ẹni tí ó jẹ́ kí ìkíni rẹ̀ ṣubú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀tá. Bí ó ti ń rò ó ni ó yé e. Ìkíni tí kò rí ìdáhùn dà bí àlejò tí kò rí ẹni gbà á. Ara ẹni tí ó mú un wá ni yóò sùn sí.

Ó pariwo sí ojú fèrèsé: "Akíndìpẹ̀. Mo kí ènìyàn, wọn kò dá mi lóhùn. Ìwọ dá mi lóhùn."

"Kí ni o wí fún wọn?"

"Mo ní ẹ kú ọyẹ́."

Akíndìpẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ tí ó ti sin. Lẹ́yìn náà ohùn Akíndìpẹ̀ dé, ó rọra wá, bí ẹni tí ó jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. "Ọ̀ọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ọyẹ́ á kọjá, àwa á kù."

Gbòǹgbò já. Ọyẹ́ fi í sílẹ̀, ó padà sí ipò rẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ́ sáré padà sínú ilé ata, ó ní, "Ó kan ìwọ náà. Kí mi."

"Bí mo bá tún un sọ, yóò gùn mí dé àyà."

"N kò ní í jẹ́ kí ó dé ibẹ̀."

Akíndìpẹ̀ di ojú. Ó ní, "Ẹ kú ooru o." Kí ó tó pa ẹnu dé, ewé ti bo ìgbáròkó rẹ̀, ó ń gòkè. Ọdẹ́rìnlọ́ ní, "Ọ̀ọ̀, arákùnrin mi. Ooru á rọlẹ̀, ara á tù wá." Ewé rẹ̀ dà sílẹ̀, ó sì fa ẹsẹ̀ yọ nínú ilẹ̀ bí ẹni fa ẹ̀gẹ́ yọ.

Ọdẹ́rìnlọ́ dì í mú lọ́wọ́ kí wọ́n máa sá lọ. Akíndìpẹ̀ kò kúrò. Láti inú ilé ọsàn, obìnrin kan ń ké jẹ́jẹ́. Láti inú ilé obì, ẹlòmíràn. Ó ní, "Ìwọ máa lọ. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ti kí ènìyàn. Ó yẹ kí ẹnì kan wà níbí tí yóò máa dáhùn." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ilé ọsàn bí ọmọ tí ó ń kọ́ ìrìn.

Nígbà náà ni ìyá mìíràn, ẹni tí ó ni ìlú náà, yọ sí Ọdẹ́rìnlọ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ọrùn rẹ̀ rárá. Dígí lásán ni, ojú ẹni tí ń wò ó ń là á kọjá lọ sí ẹ̀yìn. Kò bínú. Ó ní, "Kí ni o ṣì ń dúró ṣe?"

Ọdẹ́rìnlọ́ dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, n kò tíì rí ohun tí mo wá wá. Ilẹ̀ wa ń se èèbù. Ẹ fún mi ní ohun tí yóò tù ú lára."

"Ta ni ó ń kí ilẹ̀ yín láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́?"

Ó ronú. "Oòrùn ni."

"Kí ni ilẹ̀ fi ń dá a lóhùn?"

Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀ nítorí pé ó dọ̀bálẹ̀, bí ó sì ti wà níbẹ̀ ni ó rí ohun tí kò rí nígbà tí ó ń rìn. Kò sí ilẹ̀ kan nínú gbogbo ilé náà tí ó wà ní ìhòòhò. Koríko gbígbẹ wà lórí rẹ̀, àti ewé kíkú tí ó ti ń di dúdú. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tutù bí ìdí àmù.

"Ewé gbígbẹ lásán?" ni ó bèèrè.

"Àwọn tí kò ní ilẹ̀ mọ́ ni a kọ́ ilé dígí fún," ni ìyá náà wí. "Ẹ̀yin ṣì ní ilẹ̀. Ewé yìí ni ẹnu rẹ̀, ẹ gbá a dà sí ààtàn, ẹ wá ń bèèrè ìdí tí oòrùn fi ń sùn sí i lára. Máa lọ. A kò ní í ti ilé yín. A kì í kánjú."

Ọdẹ́rìnlọ́ kò dúró gbọ́ èyí tí ó kù. Ó ní ẹsẹ̀ òun nìkan ni ó mọ ọ̀nà tí òun gbà délé.

Ní Òkè-Apá, gbogbo ìlú péjọ sí iwájú ilé Baba Láṣebìkan. Wọ́n wo ọwọ́ ọdẹ náà, wọ́n wo àpò rẹ̀, wọn kò rí oògùn, wọn kò rí ìgò. Nígbà tí ó sọ ohun tí ó gbọ́, Baba Láṣebìkan fi aṣọ nu ojú.

"Ọdẹ́rìnlọ́, o lọ sí ìlú àwọn iwin, ìdọ̀tí ni o kó bọ̀ fún wa?"

"Ẹ má bínú, Baba. Èyí tí ẹ kó dànù ni."

"Èmi ni mo kọ́ wọn. Oko tí ó dà bí ààtàn, ọ̀lẹ ni ó ni ín. N ó wá dìde lọ́la kí n sọ fún wọn pé ọ̀lẹ ni ó tọ̀nà?"

Ọdẹ́rìnlọ́ ní, "Baba, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ máṣe gbà mí gbọ́. Ẹ bá mi dé ààtàn nìkan."

Ọ̀sán gangan ni. Baba Láṣebìkan fi ọwọ́ kan ilẹ̀ gbígbá tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà, ó fà á yọ kíákíá, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wọ́n dé ààtàn. Ó ti ọwọ́ kan náà bọ abẹ́ koríko tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ń retí kí ó yọ ọ́. Kò yọ ọ́. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀ nínú ìdọ̀tí, ojú rẹ̀ sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ó dìde, ó lọ ṣí abà rẹ̀.

Wọ́n gbin èèbù tí ó kù. Wọ́n kó koríko láti ààtàn, wọ́n dé orí gbogbo ebè, oko náà sì burú lójú débi pé àwọn arúgbó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Kò sí ẹni tí ó tú ebè wò. Ẹ̀rù òórùn yẹn ń bà wọ́n.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ kan ni ààjà jáde láti ìhà Igbó Aláìmẹ̀ẹ̀rùn. Kò kan igi, kò kan òrùlé. Oko náà ni ó wọ̀ tààrà, ó rìn láti poro dé poro bí ẹni tí ó ń wá nǹkan, ó sì ń ṣí koríko orí ebè bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Ó kó gbogbo rẹ̀ wọ igbó lọ. Nígbà tí eruku lọ tán, wọ́n rí i. Lórí ebè kọ̀ọ̀kan, ẹ̀hù iṣu funfun kan ti yọ, ó rọ̀ bí ìka ọmọ tuntun, oòrùn sì dúró gangan lórí wọn.

Àwọn ènìyàn ń sá kiri. Wọ́n ti gé igi, wọ́n ti gbá ilẹ̀, kò sí ewé nítòsí. Ẹ̀hù tí ó wà ní ìpẹ̀kun ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Baba Láṣebìkan bọ́ agbádá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rí i láìwọ agbádá ní gbangba rí, àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá kò rí i. Ó ta á bo ebè mélòó kan. Ó bọ́ fìlà, ó fi dé òmíràn. Ó bọ́ bùbá, ó tẹ́ ẹ. Ó wá dúró tòun ti ṣòkòtò nìkan láàárín oko, egungun ìhà rẹ̀ yọ, àpá egbò àtijọ́ wà ní ikùn rẹ̀, orí pípá rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Gbogbo ìlú ń wò ó. Ẹnì kan tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ má wo ara mi. Ẹ wo ebè yín."

Àwẹ̀ró ni ó kọ́kọ́ tú ìborùn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún dúró. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, gbogbo aṣọ ìsìn Òkè-Apá ti wà lórí oko, àwọn tí ó ni ín sì jókòó ní ìhòòhò-ààbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ poro, wọ́n fi ọwọ́ mú etí aṣọ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e. Èèbù kan kò jinná.

Bí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọdẹ nìyẹn. Bí mo bá ti fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí Ọlọ́run dárí jì mí, nítorí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ kò ṣe é gbé ka iwájú àlejò.